Ta Ní Ń Jẹ Bátìrì Lóru?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Ó ti wọ ọ̀pọ̀ ilé báyìí. Oníṣòwò ń fi ṣírò owó ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti ń lò ó dípò ìwé ńlá tí wọ́n ń gbé kiri tẹ́lẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn tó ní i máa ń rò. Wọ́n á ní: "Mo ṣáàjì rẹ̀ títí ó fi kún. Mo pa á. Mo gbé e sínú àpò. N kò fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dín. Ta ló lò ó?"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró wá ìdáhùn. Wọ́n á ní bátìrì ti bàjẹ́, wọ́n á sì lọ ra òmíràn. Nígbà mìíràn, ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọwọ́ bátìrì mọ́. Bí ẹ bá ra tuntun nígbà náà, tuntun yóò máa gbẹ lóru bí ti àtijọ́ ṣe ń gbẹ. Owó ti lọ, àìsàn ṣì wà nílẹ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ṣẹ́ńjì ọjà rà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá pa á.

ỌDẸ INÚ ILÉ

Gbogbo wa la mọ tọ́ọ̀ṣì. Bí a bá ti ibi ìtanná rẹ̀ síwájú, irin inú rẹ̀ á kan ara wọn, iná á tàn. Bí a bá fà á sẹ́yìn, irin á yà, ọ̀nà á gé. Iná kò lè kọjá níbi tí kò sí ọ̀nà. Tọ́ọ̀ṣì tí a pa, ó kú pátápátá.

Láptọ́ọ̀pù kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì tí a fi ń tan án kò gé ọ̀nà kankan. Bí agogo ẹnu ọ̀nà ló rí. Ẹ rò ó wò. Bí àlejò bá tẹ agogo lóru, tí gbogbo ará ilé sì ti sùn, tí ọdẹ pẹ̀lú ti sùn, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Nítorí náà, bí a bá pa kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ariwo rẹ̀ dákẹ́, ọdẹ kan ṣì wà nínú rẹ̀ tí kò sùn. Ó ń retí kí a tẹ bọ́tìnnì. Ó ń retí kí a ki okùn ṣájà bọ̀ ọ́. Aago kan tún wà níbẹ̀ tó ń ka ọjọ́ àti wákàtí. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi mọ ọjọ́ òní, bí a tilẹ̀ ti pa á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Oúnjẹ ọdẹ àti aago yìí kéré gan-an. Bátìrì fúnra rẹ̀ náà a sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Irú tó wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní ni wọ́n ń pè ní lithium-ion. Ilé iṣẹ́ Sony ní Japan ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991. Ní 2019, wọ́n fún àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀bùn náà rí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù fún ìwé kíkà, ẹ gbọ́ o.

Bí a bá gbé bátìrì irú èyí kalẹ̀ láìlò ó, bíi 2 tàbí 3 nínú 100 ló máa ń sọnù nínú rẹ̀ lóṣù kan. Ẹ kíyè sí i: lóṣù kan, kì í ṣe lóru ọjọ́ kan. Bí ti yín bá ń dín ní 10 tàbí 20 láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀, oúnjẹ ọdẹ kọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn wà nínú ilé tó ń jẹun lóru.

BÀBÁ AKỌ̀WÉ ÀTI ATÚNṢE

Ẹ jẹ́ kí á fi akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe ìpàdé. Ìyá kan dìde, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, èló ni mo ti dá jọ? Mo fẹ́ yá owó." Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kò tàn. Iná mànàmáná kò sì sí ní gbọ̀ngàn ìpàdé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń kùn lẹ́yìn pé ìwé ńlá àtijọ́ kì í kú. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá owó ṣì pé. Ọ̀rọ̀ bátìrì ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ olè.

Lọ́jọ́ kejì tí ọjà ṣí, Bàbá gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Bátìrì tuntun ni mo wá rà."

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Báwo lẹ ṣe máa ń pa á?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á? Mo máa ń dé e ni."

"Háà! Ìyẹn kọ́ ni pípa, Bàbá. Ẹ kàn ní kó lọ sùn ni."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tọ̀nà. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, bí a bá dé ìdérí rẹ̀, kò kú, ó sùn. Ibi tó ń kó ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ sí ṣì ń gba iná, kó má bàa gbàgbé. Àwọn tuntun kan tiẹ̀ ń la ojú kan sùn: wọ́n á máa yọjú sórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá lẹ́tà ti dé. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ sínú àpò, ó lè jí níbẹ̀ kó sì gbóná. Ẹni tó bá ń dé e lásán, kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú èyí. Kó wá ibi tí a kọ "Shut down" sí lójú kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn tí iná ara rẹ̀ yóò kú. Lẹ́yìn náà ni kó tó dé e.

Bàbá ní òun gbọ́. Ọmọkùnrin náà tún ní, "Bàbá, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sí i ní alaalẹ́. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

ÌWÉ KÉKERÉ NÁÀ

Ibí yìí ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wúlò. Ẹni tí kò lè kọ nǹkan sílẹ̀, ọgbọ́n orí ni yóò máa gbé kiri, ọgbọ́n orí a sì máa ṣìnà nígbà tí nọ́ńbà bá pọ̀. Ẹ fa ìlà sínú ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, agogo tí ẹ pa á, iye tó wà nínú bátìrì, ohun tí ẹ yí padà, àti iye tí ẹ bá nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwòrán bátìrì kékeré kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows. Bí ẹ bá gbé ọfà máòsì lé e, nọ́ńbà á jáde pẹ̀lú àmì yìí: %. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "nínú ọgọ́rùn-ún". 88% túmọ̀ sí pé 88 ló kù nínú 100.

Ní òwúrọ̀, ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti ki ṣájà, ẹ̀rí ti bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lálẹ́ kan. Bí ẹ bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì sàn, ẹ kò ní mọ èyí tó wo àìsàn. Ó dà bí ẹni tó po àgbo mẹ́ta pọ̀ mu.

Ohun tí Bàbá Akọ̀wé kọ nìyí:

Ọjọ́ Ajé. Mo pa á pẹ̀lú "Shut down". Alẹ́ 100%. Òwúrọ̀ 64%.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo yọ okùn fóònù kúrò lára rẹ̀. Alẹ́ 100%. Òwúrọ̀ 90%.

Ọjọ́rú. Mo yọ ohun kékeré máòsì pẹ̀lú. Alẹ́ 100%. Òwúrọ̀ 91%.

Ọjọ́bọ̀. Mo di Shift mú nígbà tí mo pa á. Alẹ́ 100%. Òwúrọ̀ 99%.

Ẹ jẹ́ kí á kà á bí atúnṣe ṣe kà á. Fóònù ni olè àkọ́kọ́. Ìyàwó Bàbá máa ń so fóònù rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù lálẹ́ nítorí pé iná ìjọba kì í dúró. Lára àwọn láptọ́ọ̀pù kan, ihò USB kan wà tó ń fún fóònù ní iná bí a tilẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ lè rí àwòrán bátìrì tàbí ti mànàmáná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó ṣe é; wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Fóònù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lè mu ìdá mẹ́ta bátìrì láptọ́ọ̀pù kan lóru. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní olè inú ilé ni.

Máòsì kò jẹ̀bi. 90 sí 91 kò tó ohun tí à ń pe ẹlẹ́rìí sí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ àlàyé. Láti 2012, nígbà tí Windows 8 jáde, ilé iṣẹ́ Microsoft ti fi ọgbọ́n kan sínú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa yára tàn. Orúkọ rẹ̀ ni "Fast startup". Níbi tí ọgbọ́n yìí bá wà, "Shut down" kì í pa ohun gbogbo tán. Kọ̀ǹpútà á kọ apá kan nínú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí ìfipamọ́ rẹ̀, kó lè tètè rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kíkọ sílẹ̀ yẹn kì í jẹ iná lóru. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, àwọn ẹ̀yà ara kan kì í gbọ́ pé ilé ti tì. Wọ́n á lajú sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á sì máa jẹun.

Bọ́tìnnì tí a kọ Shift sí lára ló ń fagi lé e fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ di Shift mú, ẹ tẹ "Shut down", ẹ má tú Shift sílẹ̀ títí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi ṣókùnkùn. Nígbà náà, ó pa tán pátápátá. Bí ẹ bá rí i pé òun lolè, tí ẹ sì fẹ́ lé e lọ títí, ẹ ṣí "Control Panel", lẹ́yìn náà "Power Options", lẹ́yìn náà "Choose what the power buttons do". Ẹ tẹ ìlà tó sọ pé "Change settings that are currently unavailable". Nísàlẹ̀, ẹ ó rí "Turn on fast startup". Ẹ yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ "Save changes". Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà yín yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn láàárọ̀. N kò rò pé ìyẹn tó ohun tí à ń sunkún sí.

BÍ Ó BÁ ṢÌ Ń GBẸ

Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ṣe gbogbo èyí, síbẹ̀ 10% ń lọ lóru. Ibi méjì ló kù láti wò: ilé, tàbí bátìrì fúnra rẹ̀.

Ní ti ilé, kọ̀ǹpútà ní ojú ìwé kan tí kì í hàn àfi bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan ní kété tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Lára ọ̀pọ̀ Dell, F2 ni. Lára HP, F10. Lára ThinkPad, F1. Níbẹ̀ ni a ti lè dá ihò USB tó ń fún fóònù ní iná dúró. Lenovo ń pè é ní "Always On USB", Dell ń pè é ní "PowerShare". Ibẹ̀ náà ni "Wake on LAN" wà, tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn lè jí i láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọ́fíìsì ńlá, ó wúlò. Nínú ilé wa, kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí kò bá tíì mọ́ yín lára, ẹ má dá wọ ojú ìwé yìí. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Ní ti bátìrì, ìdánwò kan wà tí kì í parọ́. Ẹ ronú nípa àmù omi tó ń dín lóru. Bóyá ó sán ni, bóyá ẹnì kan ló ń dá ago sí i, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ gbé àmù náà sínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bí omi bá ṣì dín, àmù ló sán. Bí kò bá dín, ará ilé ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ó ṣe. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni a ti lè yọ bátìrì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fa ṣájà yọ, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí kò sí irin. Ní òwúrọ̀, ẹ dá a padà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ wo nọ́ńbà. Bó bá ṣì pé, kọ̀ǹpútà ló ń jẹ ẹ́. Bó bá dín gan-an, bátìrì ti sán. Lára àwọn tuntun, inú ni bátìrì wà, ṣúrúù ni wọ́n fi dè é. Ẹ jẹ́ kí atúnṣe ṣe ìyẹn fún yín.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bátìrì tó ti gbó dà bí àmù tí amọ̀ ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kún, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba omi ló gbà. Ife omi kan tí ọdẹ ń mu, tí a kò rí tẹ́lẹ̀, á wá hàn bí ohun ńlá. Ẹ ní kí atúnṣe tàbí ọmọ yín kọ "powercfg /batteryreport" sínú kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ń pè ní "Command Prompt". Yóò ṣe ìwé ìròyìn kan jáde. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wá ìlà méjì péré nínú rẹ̀. "Design capacity" ni ìwọ̀n tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. "Full charge capacity" ni ìwọ̀n tó ń gbà báyìí. Bí èkíní bá jẹ́ 48,000, tí èkejì jẹ́ 19,200, ago 4 péré ló ń gbà báyìí nínú 10. Irú èyí, ẹ lè ra tuntun. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, bóyá Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ń lọ tàbí ọ̀dọ̀ atúnṣe àdúgbò, kí ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti tuntun kí ẹ tó sanwó. Bátìrì tó ti pẹ́ nínú páálí náà ń gbó, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Bí ikùn láptọ́ọ̀pù bá wú, tí ìdérí kò pa dé mọ́, tàbí tí ibi tí à ń fi ìka fà sókè, ẹ dúró. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sọ ọ́ sí iná tàbí sí ààtàn. Bátìrì tó wú lè gbiná, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ẹ gbé e kúrò níbi tí àwọn ọmọ ń ṣeré, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, tí yóò fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi 50%, níbi tútù. Bí bátìrì bá gbẹ tán tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ lè ti ọ̀nà, kó má gba ṣájà mọ́ láéláé. Báyìí ni jíjẹ díẹ̀díẹ̀ lóru ṣe ń pa bátìrì tí kò ní àìsàn tẹ́lẹ̀.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín tọ́ọ̀ṣì tí a pa àti láptọ́ọ̀pù tí a pa?

2. Kí ló dé tí 64% ọjọ́ Ajé fi di 90% lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?

3. Obìnrin kan pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní agogo 10 alẹ́. 92% ló wà níbẹ̀. Ó tan án ní agogo 6 òwúrọ̀, ó bá 84%. Wákàtí mélòó ló fi wà ní pípa? Mélòó ló ń sọnù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan?

4. Ẹ fa ìlà sínú ìwé yín bí Bàbá Akọ̀wé ṣe fà á. Bí ẹ kò bá ní láptọ́ọ̀pù, ẹ fi fóònù yín ṣe é. Ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ lálẹ́ òní.